Ǹjẹ́ àrùn máa ń dìbò? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí iṣẹ́ àṣekágbá mi

Àjàní_Akẹ́kọ̀ọ́:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mò ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi lórí ohun tí àjàkálẹ̀ àrùn máa ń ṣe sí èrò ará ìlú àti sí ìbò wọn, tí ìdìbò bá bọ́ sí àárín rẹ̀. Alábòójútó mi ti dá orí kìíní padà fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo, ó wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé: "Ta ló sọ fún ẹ?" Gbólóhùn náà nìyí:

"Àjàkálẹ̀ àrùn máa ń dín iye olùdìbò kù, ó sì máa ń lé ẹni tó wà lórí àlééfà lọ."

Lójú tèmi, kò sí wàhálà nínú ẹ̀. Ẹ̀rù ikú á mú kí àwọn kan jókòó sílé, inú á ti bí àwọn tó bá jáde, wọ́n á sì fi ìbò lé ìjọba dànù. Trump wọlé ní 2016, àrùn dé, ó jáde ní 2020. Ṣé kò tíì tó ni? Ẹni tó bá rí ibi tí mo ti ṣì í, kó jọ̀ọ́ là mí lóye. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù fún mi.


Oníṣirò:

Kò tó.

Wo Gúúsù Kòríà. Wọ́n dìbò aṣòfin ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 2020, oṣù kan péré lẹ́yìn tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kéde pé kòrónà ti di àjàkálẹ̀ àrùn káríayé. 66.2% ló jáde, wọn ò sì rí irú ẹ̀ nínú ìdìbò aṣòfin láti 1992. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ńkọ́? Àwọn àti ẹgbẹ́ kékeré tí wọ́n dá sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó àga 180 nínú 300. Wo New Zealand: ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 2020, ẹgbẹ́ Labour ti Jacinda Ardern, olóòtú ìjọba wọn nígbà náà, gba ìdajì gbogbo ìbò, àga 65 nínú 120. Látìgbà tí wọ́n ti ń lo ètò ìdìbò tí wọ́n ń lò báyìí, ìyẹn láti 1996, ẹgbẹ́ kankan ò dá ní ju ìdajì ilé aṣòfin lọ rí.

Amẹ́ríkà tí ìwọ fúnra ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ wá ńkọ́? Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ síbò ló dìbò ní 2020. Irú ẹ̀ ti pẹ́ jọjọ, láti 1900. Trump jáde lóòótọ́, àmọ́ èèyàn ò jókòó sílé. Àpẹẹrẹ tìẹ ló wó ìdajì gbólóhùn ẹ.

Kí o má bàa rò pé òdìkejì ẹ̀ ló wá jẹ́ òótọ́, lọ wo Faransé. Wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 2020, kónílé-gbélé sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn tó jáde ò pé 45%, bẹ́ẹ̀ ní 2014 wọ́n lé ní 63%. Wọ́n sún ìpele kejì sí ọjọ́ 28 oṣù kẹfà, tìyẹn tún burú jù, nǹkan bí 42%.

Àrùn kan náà, ọdún kan náà. Kí ló ya Kòríà sọ́tọ̀ sí Faransé? Orí kìíní ẹ nìyẹn.


Olùkọ́_Àgbà:

Oníṣirò, rọra. Ọmọ yìí ń wá ọ̀nà ni, má sọ òkò lù ú.

Àjàní ọmọ mi, nǹkan mẹ́ta lo dì sínú ẹrù kan. Àwọn wo ló jáde? Ta ni wọ́n dìbò fún? Ṣé wọ́n gba èsì tí wọ́n kéde gbọ́? Àrùn lè fọwọ́ ba ọ̀kan kó má dé ọ̀dọ̀ ìkejì. Èèyàn lè má jáde, kí ẹni tó wà lórí àlééfà sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n sì lè tú jáde bí eéṣú, kí ìlú wá pín sí méjì lórí èsì. Ya wọ́n sọ́tọ̀, kí orí kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, jẹ́ n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Tí ewu bá rọ́ wọ ìlú, ohun tí èèyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kó sá sẹ́yìn olórí. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, John Mueller, kọ nípa rẹ̀ ní 1970, ó fi wé kí ọmọ ogun sáré pé sábẹ́ àsíá. Ọ̀rọ̀ ogun àti ìjà láàárín orílẹ̀-èdè ló ń sọ nígbà yẹn, kò ro àrùn sí i. Àmọ́ ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin 2020, ohun tá a rí gan-an nìyẹn. Merkel ní Jámánì, Conte ní Ítálì, Boris Johnson ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo wọn ni ìwádìí èrò ará ìlú gbé sókè. Ẹ rántí pé Ítálì ń fi ọkọ̀ ológun kó òkú nígbà yẹn o! Bí òkú ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye àwọn tó ní àwọn wà lẹ́yìn Conte ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, má ṣe kọ ọ́ pé ikú nìkan ń lé ìjọba.

Sísá sẹ́yìn olórí yìí kì í pẹ́. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò fi kún un. Labour tó gba ìdajì ìbò New Zealand yẹn, ẹ lọ wo tiwọn ní oṣù kẹwàá 2023: wọn ò gbà tó 27%. Ardern ti kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún yẹn. Ẹ̀rù ti lọ nígbà náà, ọ̀wọ́n gógó ọjà ló kù tí wọ́n ń sọ, kò sì sẹ́ni tó ń dìbò fún ìjọba torí oore tó ṣe é lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Justin Trudeau ní Kánádà náà rò pé ọjà ṣì gbóná. Ó pe ìdìbò ṣáájú àsìkò ní 2021, ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ òun ní àga tó ju ìdajì lọ. Àga 157 ni wọ́n ní ní 2019. 160 ni wọ́n ní lẹ́yìn ìdìbò náà. Gbogbo ariwo yẹn, àga mẹ́ta! Àwọn olùdìbò kan tiẹ̀ ń bínú pé wọ́n pe àwọn jáde rárá.

Singapore ni kó o fi sí iwájú tábìlì rẹ. Ọjọ́ 10 oṣù keje 2020, àrùn ṣì ń jà. Ìjọba ní kí ará ìlú ti àwọn lẹ́yìn gbágbá kí àwọn lè là á já. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba wọlé lóòótọ́, àmọ́ ìbò rẹ̀ já láti nǹkan bí 70% ní 2015 wá sí 61%, ẹgbẹ́ alátakò sì mú àga 10, èyí tí wọn ò mú tó bẹ́ẹ̀ rí. Àrùn kan náà tó gbé Ardern sókè ló ń fa àwọn wọ̀nyí sílẹ̀ lọ́dún kan náà.

Ará ìlú kì í bínú sí àrùn. Ẹni tó yẹ kó ṣe nǹkan tí kò ṣe é ni wọ́n ń bínú sí. Wá ibi tí wọ́n di ẹ̀bi lé.


Akọ̀wé_Ibùdó:

Ẹ kú àlàyé, sà. Ẹ jẹ́ kí èmi tó jókòó nídìí tábìlì sọ tèmi. Mo ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìdìbò kan lásìkò kòrónà. Ẹ má bi mí níbi tó wà.

Àjàní, o kọ ọ́ pé ẹ̀rù ikú ló ń mú kí èèyàn jókòó sílé. Wọ́n ń jókòó lóòótọ́, pàápàá àwọn àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí mo fojú ara mi rí tí wọ́n yí padà, ẹ̀rù kọ́ ló lé wọn.

Ìlànà tí wọ́n fún wa ni pé olùdìbò á fi oògùn apakòkòrò ra ọwọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó dáa. Àmọ́ ọwọ́ tó tutù ò bá ẹ̀rọ tó ń yẹ ìtẹ̀ka wò rẹ́. Olùdìbò á gbé àtàǹpàkò lé e, iná pupa. Á tún gbé e lé e, iná pupa. Á fi ọwọ́ nu aṣọ rẹ̀ (kí la wá ń fọ ọwọ́ fún?), ẹ̀rọ á gbà á. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, ọmọkùnrin tó wà nídìí apakòkòrò ti gbọ́n. Ó ní kí gbogbo ẹni tó bá ti ra ọwọ́ máa jù ú nínú afẹ́fẹ́ títí á fi kàn án. Ẹ wá wo ìlà: bí ẹgbẹ́ akọrin tí wọn ò ní ìlù.

Tẹ́ ẹ bá fi ìṣẹ́jú kan péré kún ti ẹni kọ̀ọ̀kan, ọgọ́ta èèyàn, wákàtí kan ti lọ.

Ìbòmú tún wà níbẹ̀. Fọ́tò tó wà nínú ìwé orúkọ ní imú àti ẹnu, ẹni tó dúró níwájú mi ò ní. Mo sọ fún bàbá kan pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fà á wálẹ̀ díẹ̀ kí n rí wọn. Bàbá ní, "Ìwọ lo ní kí n wọ̀ ọ́, ìwọ náà lo ní kí n bọ́ ọ. Èwo ni ká gbà?" Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Mi ò lè rẹ́rìn-ín, mo ní ogójì èèyàn lẹ́yìn wọn.

Wọ́n ní kí olùdìbò fi àyè mítà méjì sílẹ̀ láàárín ara wọn, a sì fi ẹfun ya àmì sílẹ̀. Tí ẹ bá to ọgbọ̀n èèyàn báyẹn, ìdí ìlà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé títì. Ẹni tó ń bọ̀ á dúró lókèèrè, á wo ìlà tó dà bíi ti ọgọ́rùn-ún èèyàn, á sì padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ọgbọ̀n ni wọ́n! Mo ń rí wọn láti ibi tí mo jókòó sí, mi ò sì lè dìde kígbe pé ẹ má lọ.

Tó o bá ń lọ bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè, má bi wọ́n pé "ṣé ẹ̀rù bà yín?" nìkan. Bi wọ́n bóyá wọ́n dé ibùdó, kí wọ́n rí níbẹ̀, àti báwo ni wọ́n ṣe dúró pẹ́ tó.


Ará_Òkè_Òkun:

Ohun tí ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé_Ibùdó sọ yìí tún ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Olùdìbò nìkan kọ́ ló ń bẹ̀rù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí tábìlì náà ń bẹ̀rù. Ní Amẹ́ríkà, àwọn arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ibùdó ìdìbò. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Wisconsin dìbò abẹ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 2020, ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ̀, wọn ò wá. Ìlú Milwaukee máa ń ní nǹkan bí 180 ibùdó. Márùn-ún ni wọ́n rí ṣí lọ́jọ́ náà. Márùn-ún fún odidi ìlú. Àwọn èèyàn fi ọ̀pọ̀ wákàtí tò lórí ìlà pẹ̀lú ìbòmú lójú. Nítorí náà tí iye tó jáde bá dín kù níbì kan, kọ́kọ́ ka ibùdó tí wọ́n ṣí kó o tó ka ẹ̀rù tó wà lọ́kàn èèyàn.

Lórí ìbéèrè kẹta Olùkọ́, ìyẹn ti ìgbàgbọ́, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo oṣù kọkànlá 2020 ní Amẹ́ríkà níbí. Àrùn ò dín ìbò kù, ó yí ọ̀nà tí wọ́n gbà dì í padà. Àwọn tó lé ní 40% ló dìbò nílé tí wọ́n fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan ló sì lọ ṣáájú ọjọ́. Àwọn tó dúró de ọjọ́ gan-an ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta.

Àwọn wo ló fi ránṣẹ́? Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Trump ti ń sọ fún àwọn tiẹ̀ láti oṣù mélòó kan pé ìbò ilé ìfìwéránṣẹ́ kún fún èrú. Àwọn Biden ń sọ fún tiwọn pé kí wọ́n má wá kó àrùn, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Nítorí náà àpòòwé di ti ẹgbẹ́ kan, àpótí ọjọ́ ìdìbò di ti èkejì. Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, òfin ò sì gbà kí wọ́n tú àpòòwé kankan ṣáájú àárọ̀ ọjọ́ ìdìbò. Ìbò ọjọ́ gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ kà tán. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Trump ń léwájú dáadáa níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tú àpòòwé lọ ni àlàfo náà ń dín kù, títí Biden fi gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ni àwọn ilé ìròyìn tó kéde pé Biden ti wọlé.

Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kà á, kò yà á lẹ́nu. Ẹni tí ò mọ̀, ohun tó rí ni pé ẹni òun ń léwájú nígbà tí òun lọ sùn, ó jí, ó ti ṣẹ́yìn. Gbìyànjú kó o ṣàlàyé ìtòtẹ̀lé kíka ìbò fún ẹni tí inú ti ń bí. Ọjọ́ 6 oṣù kìíní 2021 ni àwọn alátìlẹ́yìn Trump ya wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.


Kò_Gbà_Bẹ́ẹ̀:

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, mò ń kà yín láti ìdájí. Olùdìbò, olùdìbò, olùdìbò. Ta ló ń sọ ti àwọn tó ń fi àrùn ṣe òṣèlú? Mi ò gbà pé ẹ̀rù àrùn ló ń sún ìdìbò síwájú. Ẹ̀rù ìfìdírẹmi ni.

Hong Kong: oṣù kẹsàn-án 2020 ló yẹ kí wọ́n dìbò aṣòfin, ìjọba ní àrùn wà, ó di ọdún kan. Nígbà tí wọ́n máa fi dì í ní oṣù kejìlá 2021, wọ́n ti tún òfin ṣe débi pé ìjọba ló ń yẹ olùdíje wò kó tó jáde. Nǹkan bí 30% péré ló dìbò. Bùrúndì: wọ́n kó èrò jọ rẹpẹtẹ síbi ìpolongo, ara ò ta wọ́n. Nígbà tí àwọn alámòójútó ìdìbò láti Ìlà Oòrùn Áfíríkà fẹ́ wá, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá gbé fún ọjọ́ 14. Ìdìbò náà á ti kọjá nígbà náà. Wọn ò wá mọ́. Pólándì: ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 2020 ni wọ́n fẹ́ yan ààrẹ. Àwọn tó ń ṣèjọba ní kí gbogbo èèyàn fi ìwé ránṣẹ́, wọ́n ti tẹ ìwé ìdìbò kí òfin tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ pé, kò sí ibùdó kan tó ṣí. Àbí ẹ ti rí ọjọ́ ìdìbò tí kò sẹ́ni tó dìbò rí?

Ẹ fi ìyẹn sínú iṣẹ́ àṣekágbá.


Olùkọ́_Àgbà:

A ó fi sínú ẹ̀, arákùnrin mi, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n parí ti Pólándì fún ọmọ náà. Sísún yẹn ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ alátakò rí àyè pààrọ̀ olùdíje wọn: Kidawa-Błońska kúrò, Trzaskowski bọ́ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìbò ní oṣù kẹfà tí wọ́n sì parí ẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù keje, Duda tó wà lórí àlééfà wọlé pẹ̀lú 51% sí 49%. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn tó ń fi àrùn ṣe òṣèlú náà kì í mọ ibi tó máa já sí.

Sísún ìdìbò ò sì fìgbà gbogbo jẹ́ èrú. New Zealand sún tiwọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò sẹ́ni tó bá wọn jà. Dominican Republic sún tiwọn láti oṣù karùn-ún sí ọjọ́ 5 oṣù keje, ẹgbẹ́ tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún 16 sì lọ sílé. Ní Bòlífíà, wọ́n sún un léraléra débi pé àwọn èèyàn dí ọ̀nà ní oṣù kẹjọ, títí tí wọ́n fi dì í ní oṣù kẹwàá, tí Luis Arce ti ẹgbẹ́ tí wọ́n lé kúrò fi wọlé pẹ̀lú 55%. Ohun tí mo máa ń wò ni: ta ló sún un, ṣé wọ́n dá ọjọ́ tuntun, ṣé àwọn alátakò mọ̀ sí i? Etiópíà sún tiwọn láìdá ọjọ́. Tigray, ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀, lọ dá ìdìbò tiwọn ṣe ní oṣù kẹsàn-án 2020, ogun sì dé ní oṣù kọkànlá. Ìjà wọn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò ní sọ pé ìdìbò nìkan ló dá a sílẹ̀.


Màmá_Nọ́ọ̀sì:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò mọ òṣèlú, àmọ́ mo mọ ọ̀rọ̀ àrùn, ẹ jẹ́ n fi ẹnu mi sí i.

Ohun tí èèyàn gbà gbọ́ nípa àrùn kì í wá láti ọ̀dọ̀ dókítà nìkan. Ẹni tó bá fọkàn tán ìjọba á wọ ìbòmú, ẹni tí ò bá fọkàn tán an á ní irọ́ ni. Tó bá pẹ́, ìbòmú fúnra ẹ̀ á di àsíá ẹgbẹ́. Ní Amẹ́ríkà ó dé ibẹ̀, ẹ máa wo ojú èèyàn kẹ́ ẹ mọ ẹni tó fẹ́ dìbò fún. Ní Brazil, Bolsonaro tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà pè é ní ọ̀fìnkìn kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ ń gbọ́ èyí, ó sì ń jẹ́ kó máa jáde láìbo imú. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé, mo gún un fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìbéèrè tí wọ́n sì ń bi mí jù kì í ṣe "ṣé ó ń dunni?" Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé, "Ṣé àwọn tó ń ṣèjọba ti gba tiwọn?"

Àjàní, kòrónà kọ́ ni àkọ́kọ́. Wo Làìbéríà nígbà Ebola. Àwọn kan níbẹ̀ kọ́kọ́ ní irọ́ ni, pé ìjọba fẹ́ fi gba owó lọ́wọ́ òyìnbó ni, títí tí àwọn aládùúgbò wọn fi ń kú. Oṣù kẹwàá 2014 ló yẹ kí wọ́n dìbò sílé aṣòfin àgbà, wọ́n sún un sí ọjọ́ 20 oṣù kejìlá. Wọ́n ń wọn ìgbóná ara olùdìbò, wọ́n ń fọ ọwọ́, wọ́n ń jìnnà síra. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan péré ló jáde. Ní agbègbè tí olú ìlú wà, George Weah fi ìbò tó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin na Robert Sirleaf, ọmọ ààrẹ tó wà lórí àlééfà. Àwọn tó jáde kéré, síbẹ̀ wọ́n mọ ohun tí wọ́n wá ṣe.

Ìdìbò náà máa ń kó àrùn fún ìlú, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Ìpínlẹ̀ Sabah ní Màléṣíà dìbò ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 2020, àwọn olóṣèlú wọ ọkọ̀ òfurufú lọ polongo, wọ́n sì kó o padà wálé. Olóòtú ìjọba wọn fúnra ẹ̀ gbà pé ìdìbò yẹn wà lára ohun tó tan àrùn náà ká. Nígbà tó di oṣù kìíní 2021, wọ́n kéde pàjáwìrì, kò sí ìdìbò mọ́ títí di oṣù kẹjọ. Àrùn yí ìdìbò padà, ìdìbò yí àrùn padà.


Oníṣirò:

Màmá, ẹ ṣé. Ohun tẹ́ ẹ fi parí yẹn, orí kan ló tó.

Àjàní, mo mọ̀ pé wàá lọ rí ti 1918 torí gbogbo èèyàn ló ń rí i. Amẹ́ríkà dìbò aṣòfin ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá 1918, àrùn ọ̀fìnkìn ńlá yẹn wà lójú pópó. Wọ́n ti fòfin de ìpàdé ìpolongo ní ọ̀pọ̀ ìlú, ní San Francisco gbogbo èèyàn ló wọ ìbòmú lọ dìbò torí òfin ni. Iye tó jáde tó nǹkan bí 40%, ó fi bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti 1914. Ó dùn ún kọ, àbí? Má tíì kọ ọ́. Nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ọmọ ogun wọn wà ní òkè òkun lọ́jọ́ náà, ogun ò sì parí títí di ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ìdìbò. Èwo ni ti àrùn, èwo ni ti ogun? Ohun tó o lè ṣe ni kó o fi ibì kan wé ibòmíràn láàárín orílẹ̀-èdè kan náà, àwọn tí àrùn mú gan-an àti àwọn tó kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ bà. Ṣọ́ra pẹ̀lú iye aláìsàn, torí ibi tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò jù ni iye á ti pọ̀ jù. Iye òkú dáa jù ú lọ.

Lórí ìbéèrè tó o fẹ́ lọ bi àwọn èèyàn: má bi ẹnikẹ́ni pé "Ṣé àrùn yí ìbò rẹ padà?" Gbogbo wọn á ní rárá. Bi wọ́n ní ẹni tí wọ́n dìbò fún tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ẹni tí wọ́n dìbò fún lọ́tẹ̀ yìí, kó o tó mẹ́nu ba àrùn rárá. Tó o bá kọ́kọ́ fi àrùn bẹ̀rẹ̀, wàá ti gbin ín sí wọn lọ́kàn. Kó o sì ya ẹni tí àrùn pa ará ilé rẹ̀ sọ́tọ̀ sí ẹni tí kónílé-gbélé gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà 2020, ọ̀pọ̀ àwọn tó sọ pé àrùn ló ká àwọn lára jù dìbò fún Biden, ọ̀pọ̀ àwọn tó sọ pé ọ̀rọ̀ ajé ni dìbò fún Trump. Àrùn kan náà ló bí ìbínú méjèèjì.


Àjàní_Akẹ́kọ̀ọ́:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ ọpẹ́. Kò_Gbà_Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ ṣé, ẹ ti ní orí kan lódidi.

Mo ti pa gbólóhùn yẹn rẹ́. Ohun tí mo fi rọ́pò ẹ̀ nìyí, ẹ bá mi wò ó: "Ohun tí àjàkálẹ̀ àrùn máa ṣe sí ìdìbò kan dá lórí ìgbà tí ìdìbò náà bọ́ sí, ẹni tí ará ìlú di ẹ̀bi lé, àti ọ̀nà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún wọn láti dìbò." Mo fẹ́ fi Kòríà àti Faransé ṣe iwájú, New Zealand àti Singapore á tẹ̀ lé e, Pennsylvania á wà ní orí tó kẹ́yìn. Mi ò tíì fi han alábòójútó mi, àyà mi ń já.

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé_Ibùdó, ọ̀rọ̀ kan péré ló kù tí mo fẹ́ bi yín, ẹ jọ̀ọ́ mà. Àwọn tó wo ìlà tí wọ́n yí padà yẹn, ṣé ẹnikẹ́ni nínú wọn padà wá?


Akọ̀wé_Ibùdó:

Àwọn méjì ni mo rí. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Nǹkan bí aago kan ọ̀sán ni wọ́n dé, ọmọ ń gbé àpótí ìjókòó tẹ̀ lé ìyá. Ìyá gbé àpótí náà ka orí àmì ẹfun tá a yà sílẹ̀, ó jókòó. Tí ìlà bá sún, ó á dìde, ọmọ á gbé àpótí sún sórí àmì tó kàn, ìyá á tún jókòó. Ọ̀gá wa ní kò sí nínú ìlànà. Ìyá ní àmì tí ẹ yà sílẹ̀ yẹn, òun rò pé àyè ìjókòó ni. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, èèyàn mẹ́fà mìíràn ti lọ gbé àga wá.

Àwọn tó kù, mi ò rí wọn mọ́. Má fi ṣe òǹkà o, ojú kan péré ni mo ní.